Ẹṣin Eré Ìje Nínú Ilé Tuntun

Ní ilẹ̀ Òsì, Ìlọ́fà àti Òdò-Ọwá, ẹṣin tí a fi igi gbẹ́ ti pọ̀ ju ẹṣin ẹlẹ́mìí lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Areogun ará Òsì, gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, tí ó sì kú ní 1954, gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sí ara ilẹ̀kùn ààfin àti sí orí ère Ẹpa. George Bándélé ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e ní ipa ọ̀nà kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bámgbóyè ará Òdò-Ọwá ṣe ní tirẹ̀. Bí ènìyàn bá wo iṣẹ́ wọn dáadáa, yóò rí i pé ọkùnrin tí ó gun ẹṣin ni ó tóbi, ẹṣin fúnra rẹ̀ kò ju ọmọ ewúrẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ọlá ẹni tí ó gun ẹṣin ni agbẹ́gilére fẹ́ fi hàn. Ohun tí ẹṣin jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àti ibi tí ó sùn, igi kò sọ ọ́.

Kì í ṣe òṣì nìkan ni ó mú kí ẹṣin ẹlẹ́mìí ṣọ̀wọ́n ní àgbègbè yìí. Eṣinṣin kan wà tí a ń pè ní tsetse, tí ó ń gbé nínú igbó etí odò. Bí ó bá ti inú ẹran tí ń ṣàìsàn mu ẹ̀jẹ̀, tí ó sì wá bu ẹṣin jẹ, ó lè fi kòkòrò àrùn sí i lára, ẹṣin náà a sì máa rù títí yóò fi kú. Nítorí èyí, pápá tí ó tẹ́jú ní ìhà Ìlọrin ni ẹṣin ti ń gbilẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sì di ẹ̀rù fún ọ̀pọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n bí ogun bá ti wọ inú igbó, agbára ẹṣin a dínkù. Ní nǹkan bí 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, ẹṣin kò lè gba àwọn tí ó gùn ún là.

Lónìí ẹṣin tún ti padà sí ìgboro. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún Iléyá, àwọn ìdílé ológun a máa gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba. Ní Ìlọrin, a máa ń gun ẹṣin níwájú Ẹ́mírì ní ọjọ́ ayẹyẹ. Níbi ìwúyè àti ìgbéyàwó ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tí ó bá ní agbára a máa wá ẹṣin kan kí ọjọ́ náà lè dára. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ pé ẹṣin tí ó ti sáré ìje ní Kàdúná, ní Kánò tàbí ní Jos, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó mọ́, lè di títà ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí pápá ìje. Ẹni náà rí ẹṣin arẹwà, ó rí owó tí kò pọ̀, ó sì sanwó. Nígbà mìíràn, kí ọdún tó yípo, ẹṣin náà ti kú.

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹni tí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ bá kàn, kí ikú àìtọ́jọ́ má baà jẹ́ èrè ẹran tí ó ti fi agbára ìgbà èwe rẹ̀ sin ọmọ ènìyàn.

KÍ A TÓ GBÀ Á

Ẹṣin a máa wà láàyè ju ọdún 25 lọ bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹṣin eré ni a ti ń kọ́ ní iṣẹ́ láti ìgbà tí kò ì tí ì pé ọmọ ọdún 2, púpọ̀ nínú wọn a sì fi eré sílẹ̀ kí wọn tó pé ọmọ ọdún 8. Nítorí náà ẹni tí ó gba ẹṣin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eré sílẹ̀ kò gba ẹran arúgbó tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ pé. Ó lè jẹ́ pé ọdún 15 sí 20 ni ó gbà sí ọrùn ara rẹ̀.

Ní Èkó, àwọn àgbàlagbà kan kò tí ì gbàgbé pápá eré ẹṣin tí ó wà ní àárín ìlú. Níbẹ̀ ni a ti fa àsíá Nàìjíríà sókè nígbà òmìnira, ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1960. Ní 1972 a kọ́ Tafawa Balewa Square sí orí ilẹ̀ pápá náà, eré ẹṣin sì tán níbẹ̀. Ère ẹṣin funfun mẹ́rin wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí di òní. Ère kò béèrè koríko, kò béèrè omi. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí eré bá parí fún ẹṣin ẹlẹ́mìí, ẹnìkan ní láti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ó fún un ní oúnjẹ.

Nítorí náà kí àgbẹ̀ tí a bá fi irú ẹṣin yìí lọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ǹjẹ́ koríko wà fún ẹṣin yìí láti oṣù December títí dé oṣù March, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo pápá, tí iná sì ti jó igbó? Èkejì: ǹjẹ́ oníṣègùn ẹran tí ó mọ̀ nípa ẹṣin lè dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, bí a bá ránṣẹ́ pè é ní òwúrọ̀? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ibi tí ẹṣin yóò gbé jìnnà sí igbó etí odò? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ rárá, kí ó fi ẹṣin náà sílẹ̀ sí Ìlọrin tàbí sí ibòmíràn ní pápá, lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa lọ wò ó níbẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Ìtìjú wà nínú kí a so ẹṣin mọ́ ìdí igi ní ojúde kí aráyé lè rí i, kí ó sì máa kú díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀.

OHUN TÍ A TI KỌ́ ẸṢIN NÁÀ

Ẹni tí ó bá ra ẹṣin eré gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹran náà kì í ṣe aláìgbọ́ràn. Ó gbọ́ràn gidigidi, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni a kọ́ ọ. Nínú ilé ẹṣin eré, ó sábà máa ń wà nínú yàrá rẹ̀ fún bí wákàtí 22 nínú 24. Wákàtí kan náà ni a ń fún un ní oúnjẹ lójoojúmọ́, wákàtí kan náà ni a ń mú un jáde. Kò dá wà rí, nítorí pé ó ń gbọ́ mímí àwọn ẹṣin mìíràn ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí a bá mú un kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí a sì gbé e sí inú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ìlú tí ẹṣin mìíràn kò sí, ohun gbogbo tí ó mọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gígùn rẹ̀. Ẹṣin tí àwọn ìjòyè ń gùn a máa dúró bí a bá fa ìjánu. Ẹṣin eré kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ń sáré ìje, agẹṣin a máa di ìjánu mú ṣinṣin, òun a sì fi ẹnu tì í bí ó ti ń sáré lọ. Nítorí náà bí ẹni tí kò mọ èyí bá gùn ún, tí ẹ̀rù bá a, tí ó sì fa ìjánu pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ẹṣin náà yóò rò pé a ní kí òun túbọ̀ sáré ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣubú nípa báyìí, wọ́n sì dá ẹṣin lẹ́bi. Àwọn agẹṣin eré a sì máa ká ẹsẹ̀ sókè sí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí àlùkẹ́ǹbù kúkúrú, wọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀ sí ìhà rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá gùn ún tí ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì fún un ní ìhà, ohun tí ẹṣin náà kò mọ̀ rí ni, ó sì lè fò sókè.

ALẸ́ ÀKỌ́KỌ́

Kí a ṣe bí ẹni pé ẹṣin irú èyí ń bọ̀ wá sí Òsì láti Kàdúná. Ó dára kí ó dé ní ojú ọ̀sán, kí ó lè rí ibi tí ó wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí a má ṣe kó ìlù pàdé rẹ̀, kí àwọn ọmọdé má sì ṣe rọ̀gbà yí i ká. Ẹni kan ni kí ó mú okùn rẹ̀, kí ó máa bá a rìn yí àgbàlá náà ká lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta ní ọwọ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹṣin fi imú gbọ́ òórùn ògiri àti ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí kí a mú un wọ inú ilé rẹ̀, níbi tí omi tútù àti koríko gbígbẹ ti wà ní sẹpẹ́.

Ilé ẹṣin kò ní láti jẹ́ ilé ńlá. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti ní òró tó fún un. Kí òrùlé ga, kí atẹ́gùn lè fẹ́ gba òkè kọjá, kí ilẹ̀ rẹ̀ má sì rọ omi. Kí a tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí ẹ̀gbọ̀ pákó tí kò ní eruku púpọ̀ sí ilẹ̀ kí ó nípọn. Kí ìṣó kankan má ṣe yọ sí ìta lára ògiri, nítorí pé awọ ẹṣin yìí fẹ́lẹ́, ojú ọgbẹ́ kékeré sì lè jẹ́ ọ̀nà tí àrùn tí í mú àgbọ̀n àti gbogbo ara le gan-an yóò gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àrùn náà. Kí olówó ẹṣin béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á bóyá a ti gún un, bí kò bá sì dá a lójú, kí ó pe oníṣègùn ẹran.

Ní alẹ́ náà ẹṣin lè máa ké, kí ó máa rìn síwájú sẹ́yìn, kí ó má sì jẹun púpọ̀. Kí a má ṣe nà án, kí a má sì bínú sí i. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ ni ó ń pè.

OÚNJẸ ÀTI OMI

Èyí ni ibi tí ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ ti ń pa ẹṣin. Inú ẹṣin kò rí bí inú màlúù. Ikùn rẹ̀ kéré, kì í sì í lè bì. Omi kíkan inú ikùn rẹ̀ ń sun ní tọ̀sán tòru, bóyá ó jẹun tàbí kò jẹ. Itọ́ tí ó ń dá nígbà tí ó bá ń jẹ koríko lẹ́nu ni ó ń pa kíkan náà. Nínú ilé ẹṣin eré, a máa ń fún un ní ọkà púpọ̀ àti koríko díẹ̀, ikùn rẹ̀ a sì ṣófo fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nítorí náà ni egbò inú ṣe wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè bá a lára mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹṣin tí ó bá ń pa eyín, tí ó ń fi etí lẹ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń di gàárì mọ́ ọn, tí kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, kì í ṣe oníwà búburú dandan. Inú lè máa ta á.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni koríko, koríko, àti koríko. Ẹṣin tí ó wọn kílò 450 nílò tó kílò 9 koríko gbígbẹ lójúmọ́, kí a sì pín in kí ó lè máa rí nǹkan jẹ lẹ́nu láti òwúrọ̀ di òru. Koríko eéran dára. Bí ó bá jẹ́ pé eèsún nìkan ni ó wà, kí a mọ̀ pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí egungun ẹṣin rí agbára gbà bí ó bá ń jẹ ẹ́ nìkan fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà kí a máa fi ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà gbígbẹ tàbí ti ẹ̀wà kún un. Àgbẹ̀ tí ó bá ń gbin ẹ̀pà kò gbọdọ̀ sun ìtàkùn rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè mọ́. Kí ó sá a, kí ó sì kó o pamọ́ sí ibi tí òjò kò dé.

Kí a má ṣe yí oúnjẹ rẹ̀ padà ní ọjọ́ kan. Kí olówó ẹṣin béèrè ohun tí ó ń jẹ ní ibi tí ó ti wá, kí ó gba díẹ̀ nínú rẹ̀ dání, kí ó máa dín in kù, kí ó sì máa fi oúnjẹ tuntun kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí kò bá sáré mọ́, kò nílò ọkà púpọ̀ mọ́. Ọkà bàbà díẹ̀ tí a fọ́ pẹ̀lú eèrí rẹ̀ tó. Ẹṣin tí ó bá ń jẹ ọkà àjẹyó tí kò sì ṣiṣẹ́ yóò máa ta ìpá kiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè bàjẹ́.

Ohun mẹ́ta ni kí a fi sí ọkàn. Kí a má ṣe fún ẹṣin ní oúnjẹ adìyẹ láé. Oògùn kan tí a ń pè ní monensin, tí a máa ń pò mọ́ òmíràn nínú oúnjẹ adìyẹ àti ti màlúù, kì í pa adìyẹ, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ẹṣin, nítorí pé ọkàn rẹ̀ ni ó ń bàjẹ́. Kí a má ṣe fún un ní àgbàdo tí ó ti bu, nítorí májèlé inú rẹ̀ a máa ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́. Kí a má sì ṣe da èèpo ẹ̀gẹ́ tútù fún un bí a ti ń da á fún ewúrẹ́.

Omi tí ó mọ́ kò gbọdọ̀ tán níwájú rẹ̀. Ní ìgbà ooru yóò mu lítà 30 sí 45 lójúmọ́, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a gbé òkúta iyọ̀ sí ibi tí yóò ti lè lá a. Bí ẹṣin bá kọ oúnjẹ, tí ó ń wo ìhà ara rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, tí ó ń dùbúlẹ̀ tí ó sì ń dìde lemọ́lemọ́, inú rírun ni. Kí a gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí a sì ránṣẹ́ sí oníṣègùn ní wàràwàrà, kí a má ṣe da àgbo sí i lẹ́nu.

EṢINṢIN ÀTI ÀRÙN

Ẹṣin tí ó dàgbà sí òkè Jos tàbí sí pápá gbígbẹ kò mọ eṣinṣin ìhà gúúsù. Tsetse a máa jẹ ẹran ní ojú ọ̀sán, ibi ìbòòji etí omi sì ni ibùgbé rẹ̀. Nítorí náà kí a má ṣe mú ẹṣin lọ mu omi ní odò. Kí a pọn omi wá fún un ní ilé. Kí a gé igbó tí ó yí ilé rẹ̀ ká, kí a sì máa fi oògùn apakòkòrò tí oníṣègùn bá yàn ra á lára.

Àmì àrùn náà nìyí: ibà tí ń wá tí ń lọ, ẹyinjú àti èrìgì tí ó ń funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, wíwú ní abẹ́ ikùn àti ní ẹsẹ̀, àti rírù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ojú ilé ni ẹṣin ń rò. Lóòótọ́ ẹṣin eré a máa jò díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí pé ẹran ara tí eré fún un ń lọ. Ṣùgbọ́n ìrònú kì í wú ni lẹ́sẹ̀. Kí a jẹ́ kí oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oògùn wà, ṣùgbọ́n èyí tí a ń gún màlúù lè ṣe ẹṣin ní jàǹbá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà á ní ọjà kí ó sì gún un fúnra rẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin àti ti Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ ìṣègùn ẹran, ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom lẹ́bàá Jos sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1924.

Àrùn mìíràn wà tí kòkòrò kéékèèké tí kò tó ẹ̀fọn ń gbé kiri láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó a máa pa ẹṣin àjèjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà kí ẹṣin wọ ilé kí oòrùn tó wọ̀, kí a sì ta àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré sí ojú fèrèsé.

Ó dára kí olówó ẹṣin mọ bí ara rẹ̀ ti rí nígbà tí ó dá ṣáká, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹṣin bá ń sinmi, ọkàn rẹ̀ a máa lù ní ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, a sì máa mí ní ìgbà 8 sí 16. Ooru ara rẹ̀ a máa wà láàárín 37.5 àti 38.5. Bí ó bá ju èyí lọ nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ wà.

ÀGBÀLÁ, ẸLẸGBẸ́ ÀTI ẸSẸ̀

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀wọ́ rẹ̀ sí inú àgbàlá kékeré fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà fún méjì, títí yóò fi lè wà níta ní gbogbo ọ̀sán. Kí a kọ́kọ́ mú un rìn yí ọgbà náà ká kí ó mọ ibi tí ó parí sí. Kí a má ṣe fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣe ọgbà fún ẹṣin, nítorí pé bí ẹ̀rù bá bà á, yóò sáré lù ú. Kí a má sì ṣe so ó mọ́lẹ̀ ní pápá pẹ̀lú okùn gígùn bí a ti ń so ewúrẹ́. Ẹṣin tí kò mọ okùn lè fi í dì mọ́ ẹsẹ̀, kí ó sì kán an. Oko iṣu pẹ̀lú kì í ṣe ibi tí a ń da ẹṣin eré sí, nítorí pé ilẹ̀ títẹ́jú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, kò mọ ebè.

Ẹṣin kì í fẹ́ dá gbé. Bí ẹṣin mìíràn kò bá sí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tàbí ewúrẹ́ méjì lè jẹ́ ẹlẹgbẹ́ fún un. Kí wọn kọ́kọ́ rí ara wọn gba ojú ọgbà fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó dà wọ́n pọ̀.

Bàtà irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó fi ń sáré kò wúlò fún un mọ́. Kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà bọ́ ọ, kí ó sì ré pátákò rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹsẹ̀ lè máa dùn ún lórí òkúta, nítorí náà kí ó máa rìn lórí ilẹ̀ tí ó rọ̀. Lẹ́yìn èyí kí a máa ré pátákò náà ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí a sì máa yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ lójoojúmọ́.

GÍGÙN ÚN LẸ́Ẹ̀KEJÌ

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ẹbí olówó ẹṣin máa ń béèrè ni pé: nígbà wo ni a óò gùn ún? Ó kéré tán, kí a jẹ́ kí oṣù 2 sí 3 kọjá. Ní gbogbo ìgbà náà, kí a máa fà á rìn ní ọwọ́, kí a máa nu ara rẹ̀, kí a máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ́ ọ láti dúró jẹ́ẹ́. Dídúró jẹ́ẹ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ tuntun fún un, nítorí pé bí ó ti ń rìn lọ ni a ti máa ń gbé agẹṣin eré jù sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí a bá tún di gàárì mọ́ ọn, kí a yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí pé ara rẹ̀ ti yí padà, gàárì tí ó bá a mu ní àná lè máa bó o lónìí. Ẹni tí ó mọ gígùn ẹṣin ni kí ó kọ́kọ́ gùn ún, nínú àgbàlá, ní ìrìn ẹsẹ̀ nìkan. Kí ó di ìjánu mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹṣin bá fẹ́ yára, kí ó má ṣe fà á le. Kí ó darí rẹ̀ yí po ní òbìrípo, kí ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, títí yóò fi mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń lé òun.

Ti ìlù àti ìbọn ayẹyẹ ńkọ́? Ariwo kì í ṣe àjèjì fún ẹṣin eré, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ọ, eré ni ó rò pé ó kàn. Kí a máa lu ìlù ní òkèèrè nígbà tí ó bá ń jẹun, kí a sì máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹṣin tí ó bá ń gbọ̀n, tí òógùn bò, kò tí ì ṣe tán. Kí ìjòyè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìwúyè ní ọdún náà. Ó sàn kí aráyé wí pé kò gun ẹṣin, ju kí ẹṣin gbé e wọ àárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ.

ÀMÌ PÉ Ó TI MỌ ILÉ

Ẹṣin lè tòògbé ní ìdúró, ṣùgbọ́n kò lè sun oorun àsùnwọra àyàfi bí ó bá dùbúlẹ̀. Kì í sì í dùbúlẹ̀ ní ibi tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí. Nítorí náà kí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ máa wò ó ní kùtùkùtù, kí ó tó nu ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara ẹṣin lè mọ́ bí ó ti wà ní alẹ́, nítorí pé ìdúró ni ó wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó bá rí koríko gbígbẹ nínú gọ̀gọ̀ rẹ̀, tí ó sì rí ìdọ̀tí ibùsùn ní ìhà rẹ̀ kan, kí ó mọ̀ pé ẹṣin náà ti dùbúlẹ̀ sùn, ó sì ti mọ̀ pé ilé ni òun wà.